Kẹ́ẹ̀gì Tí Imú Mi Dá Láre

Èmi ni mo fọ kẹ́ẹ̀gì náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́, imú ara mi ni mo fi gbóòórùn rẹ̀, mo ní ó ti mọ́, mo pọn omi sí i, mo sì ń mu ún. Kò sẹ́ni tó tì mí. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan sí omi mi. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé àwọn tó mọ̀ mí ní Òkè-Sopẹn gbọ́ ìtàn mìíràn, èmi náà ni mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́.

Wàsíù ni orúkọ mi. Mo jáde ìwé mẹ́fà, mo lo ọdún méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó parí síbẹ̀. Ẹ má wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀. Dókítà tó tọ́jú mi ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní àwọn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá òun bí ẹni tí adájọ́ ti dá ẹjọ́ ikú fún, ó sì dáa kí wọ́n rí ìwé ẹni tó jókòó síbẹ̀ rí tó sì dìde. Mo jókòó síbẹ̀. Mo dìde. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ fífín oògùn koríko ni mo ń ṣe. Láti Òkè-Sopẹn dé Japara dé Mámù, bí o bá ní oko kòkó tàbí oko ẹ̀gẹ́ tí koríko ti bò, wàá ra oògùn, wàá pe èmi àti Tọ́pẹ́. A óò gbé táǹkì pọ̀n, a óò máa fi ọwọ́ òsì fa pọ́ǹpù, a óò máa fi ọ̀tún darí ẹnu rẹ̀ sí koríko. Bí oògùn bá ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì di tiwa. Àṣà iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sí ẹni tó ń bá wa du ú. Olóko ló ni oògùn, ẹni tó fín in ló ni kẹ́ẹ̀gì. Lítà márùn-ún ni, ike rẹ̀ nípọn, ìdérí rẹ̀ le, kì í jò. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kò tó o.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa a máa ta tiwọn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ra ike. Èmi máa ń fọ tèmi. Màá kọ́kọ́ fi omi eérú rẹ ẹ́ mọ́jú. Màá wá da yanrìn àti ọṣẹ lúbúlúbú sí i, màá mì í títí apá á fi máa ro mí. Màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, màá sì dorí rẹ̀ kodò sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni màá ti imú bọ ẹnu rẹ̀. Bí mo bá gbóòórùn, màá tún un fọ̀. Bí imú ò bá ti gbọ́ nǹkan kan, ó ti mọ́ nìyẹn. Màá ti ìṣó bọná, màá fi jó àmì kékeré kan sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé tèmi ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí omi kì í yọ nínú ilé tí wọ́n gbà, máa ń rà á fi pọnmi. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, "Brọ́dà, kẹ́ẹ̀gì tiyín nìkan ni kì í rùn." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn tó bí ọ̀sẹ̀ kan.

Méje nínú wọn ni mo kó lọ fún Ìyá Ìwòpin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ló tọ́ mi kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó mú mi wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́dọ̀ wọn ní Ìwòpin, omi ni iwájú, omi ni ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn lè mu kò pọ̀. Omi òjò ni wọ́n ń tọ́jú. Nígbà tí mo to kẹ́ẹ̀gì méje síwájú rẹ̀, ó lu ọwọ́, ó pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ó ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọma mi." Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ lọ́dọ̀ tiwa.

Èmi náà mú ọ̀kan fún ara mi. Òun ni mo fi ń gbé omi lọ sóko lójoojúmọ́, ọdún mẹ́ta. Màá gbé e sábẹ́ igi kòkó, bí oòrùn bá yí, oòrùn á bá a níbẹ̀, omi inú rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màá mu ún bẹ́ẹ̀.

Tọ́pẹ́ kò mu nínú rẹ̀ rí. Ọmọ Japara ni, ìdílé Mẹ́tọ́díìsì, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nínú bútà ló ń gbé omi tirẹ̀ wá, bútà onírin tí àwa Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Mo fi ṣe ẹlẹ́yà títí.

"Alùfáà Tọ́pẹ́," mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀, "ìgbà wo lo gba Ìsìláàmù? Irun wo ló tó kí báyìí?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Omi tèmi kò ní àjọṣe pẹ̀lú koríko."

"Mo ti fọ kẹ́ẹ̀gì yìí. Imú mi ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọjọ́ kan, a jókòó jẹun ní oko bàbá kan lọ́nà Mámù. Ó jẹun tán, ó gbé abọ́ ike tí mo fi gbé oúnjẹ wá láti ilé, ó nà án sí mi. Ó rọra sọ ọ́, kò ṣe bí ẹni tó ń jà. "Wàsíù, wo abọ́ yìí. Funfun ni nígbà tí wọ́n rà á. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ tó ìgbà mélòó? Epo ọbẹ̀ ti wọ inú ike lọ, kò jáde mọ́. Bí ike bá lè mu epo, kí ló dé tí kò ní mu oògùn? Tó bá sì mu ún, ibo ni oògùn yẹn máa ń lọ tí o bá da omi gbígbóná sí i?"

Mo wo abọ́ náà. Ó pupa lóòótọ́. Mo ní, "Lọ kírun rẹ, Alùfáà," mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì mi, mo mu omi lójú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àìsàn náà kò bẹ̀rẹ̀ bí àìsàn. Ojú mi ni mo kọ́kọ́ rí pé ó ń wú láàárọ̀, á tún fà tó bá di ọ̀sán. Mo rò pé oorun ni. Lẹ́yìn náà bàtà oko mi kò wọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ, mo sì rí i, mo ń fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó bí ẹni tó jí nǹkan. Oúnjẹ di kíkorò lẹ́nu mi. Ìyàwó Bàbá Kékeré se ìkọ́kọrẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, mo gbé e wò, mo gbé e padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé pé nǹkan ń ṣe mí.

Bàbá Kékeré ní ibà ni, ibà pọ̀ mọ́ jẹ̀dí. Ó po àgbo fún mi sínú ìgò ike, ó ní ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Mo ra oògùn ara ríro ní kẹ́mísì, mo ń lò ó lé e. Kò sí èyí tí n kò mu. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń wú sí i ni wọ́n ń fi kún àgbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ojú yín bá ń wú láàárọ̀ tí ìtọ̀ yín sì ń hó, ẹ má ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má ṣe ọjọ́ mẹ́ta pàápàá.

Mo ṣubú lóko kòkó pẹ̀lú táǹkì lẹ́yìn mi. N kò rántí ìṣubú yẹn fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rántí ni pé mo rí ewé kòkó lókè, lẹ́yìn náà mo rí ẹ̀yìn ọrùn Tọ́pẹ́. Ó ti pọ̀n mí. Láti inú oko yẹn dé títì, kò sí ọ̀nà tí ọ̀kadà lè gbà, ó pọ̀n mí jáde bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ọmọ. Ó ń sọ pé, "Má sùn, Wàsíù. Bú mi. Pè mí ní Alùfáà." Ẹnu mi kò lè sọ ọ́.

Wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn kékeré kan, àwọn yẹn ní ọ̀rọ̀ náà ju àwọn lọ, wọ́n darí wa sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìlà ló wà níbẹ̀. Ìlà káàdì, ìlà ẹ̀jẹ̀, ìlà ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ìlà dókítà. Bẹ́ǹṣì onípákó gígùn kan wà níta, bí wọ́n bá pe ẹnì kan, gbogbo wa á sún ìdí síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, "Ọmọ mi, má dìde o, bí o bá dìde, àyè rẹ ti lọ." N kò lè dìde tẹ́lẹ̀. Tọ́pẹ́ ló ń lọ to àwọn ìlà yòókù.

Obìnrin ni dókítà náà, kò dàgbà púpọ̀. Ó wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wò. Ó ní kíndìnrín mi méjèèjì ti rẹ̀ gan-an, ìdọ̀tí tó yẹ kí wọ́n máa sẹ́ jáde ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n máa ní láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Mo gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀rù kò bà mí, n kò sunkún. Kò sí nǹkan kan níbi tí ẹ̀rù yẹ kó wà. Mo rò pé bí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ṣe rí náà nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti kú. Ara ló ń fi nǹkan bo ara rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, nígbà tó ku èmi nìkan, dókítà fa àga, ó jókòó. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Ó bi mí bóyá mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ tí mo bá ń fín oògùn. Rárá. Ó bi mí nípa àgbo, nípa oògùn ara ríro. Mo sọ ọ́. Ó wá ní, "Kí lẹ fi ń gbé omi lọ sóko?"

Mo sọ ìyẹn náà fún un. Gbogbo rẹ̀, eérú, yanrìn, ọsàn wẹ́wẹ́, imú.

Ó ní, "N kò lè búra fún yín pé kẹ́ẹ̀gì nìkan ni. Oògùn tó ń dà sí yín lára wà níbẹ̀, àgbo wà níbẹ̀, oògùn ara ríro náà kò ran kíndìnrín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì oògùn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi mu omi, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Ohun tó lè pa yín nínú rẹ̀, imú lè má gbọ́ ọ. Ta ló tún ń lò ó?"

Mo ní n kò mọ iye wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Ìwòpin dé. Ó gba inú ọkọ̀ méjì, ó gbé nǹkan lórí, ó gbé nǹkan lọ́wọ́. Ó rí ojú mi, ó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó tú ẹrù. Ó yọ kẹ́ẹ̀gì kan jáde, ó gbé e sẹ́sẹ̀ ibùsùn mi. Mo rí àmì ìṣó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Omi òjò ulé wa rè é," ó wí, ó ti ń bù ú sífe. "Mu ún, ọma mi. Kò sí kẹ́míkà kankan nínú ẹ̀, kò dà bí omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà níta yẹn."

Nọ́ọ̀sì ní ife omi tí mo lè mu lóòjọ́ ní ìwọ̀n. Ìyá Ìwòpin ní ṣé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni. Ó gbé ife sí mi lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ kejì di orí mi mú lẹ́yìn, bó ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo mọ ohun tí mo ń mu. Mo mu ún.

Bàbá Kékeré dé nírọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Wọ́n sọ iye tí fífọ ẹ̀jẹ̀ máa ná wọn. Ìyá Ìwòpin ní òun máa ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Bàbá Kékeré fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Èmi ò ní fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe ọmọ yìí ni, gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ dìde."

Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ojú mi wà ní pípadé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta ni Tọ́pẹ́ wá kí mi pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ìyá Ìwòpin kò ní kó dìde.

"Ìwọ ni ẹ jọ ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Oko kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Oògùn kan náà, oòrùn kan náà. Kí ló dé tí ojú tìẹ ò wú?"

Tọ́pẹ́ dìde sórí eékún. "Mo rò pé omi ni, mà. Omi tí a ń mu ò jọra. Èmi ń gbé tèmi wá láti ilé, nínú bútà."

Bàbá Kékeré na ìka sí i. "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tó ń gbé bútà lọ sóko! Irun wo lo fẹ́ kí? O mọ ohun tó wà nínú omi tí Wàsíù ń mu, ló jẹ́ kí o yà tìẹ sọ́tọ̀."

"Mo mọ̀, sà. Kẹ́ẹ̀gì oògùn ló fi ń mu ún. Mo sọ fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Kẹ́ẹ̀gì?" Ìyá Ìwòpin dìde. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi sókè. "Irú èyí? Ọmọ mi ló fọ̀ ọ́ fún mi. Láti ọdún kẹta ni mo ti ń mu omi nínú ẹ̀. Wò mí dáadáa! Kí ló ṣe mí?"

Èmi ni Tọ́pẹ́ yíjú sí. "Wàsíù, sọ fún wọn. Ọjọ́ tí a wà lọ́nà Mámù, tí mo fi abọ́ ọbẹ̀ yẹn hàn ẹ́. Sọ fún wọn."

Ìyá Ìwòpin bẹ̀rẹ̀ sórí mi. Ó ṣì gbé kẹ́ẹ̀gì náà dání. "Wàsíù, ọma mi. Ṣé ó sọ fún ẹ?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣe ara mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni mo gbé fún un méje, tí ó pe àdúgbò wá wò? Ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì wọ inú ẹ̀rọ, wọn kò sì tíì san owó rẹ̀.

"N ò rántí," ni mo wí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ìyá Ìwòpin ju ọ̀rá ọsàn náà sílẹ̀. "Kó ọsàn ẹ kúrò níbí, kó má tún lọ jẹ́ pé ibẹ̀ lo tọ́jú ìyókù májèlé ẹ sí." Àwọn tó wà lórí ibùsùn yòókù ti ń yọjú. Tọ́pẹ́ wò mí. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó gbé síbì kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọsàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti yí lọ sábẹ́ ibùsùn mi, ó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí ó fi gbẹ, tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi gbá a jáde.

Ẹbí dìde lóòótọ́. Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, wọ́n ta pákó tí Bàbá Kékeré kó jọ fún ilé. Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ ara mi tó ń gba inú ọ̀pá ike jáde, tó ń gba inú ọ̀pá ike mìíràn padà. Ó dà bíi pé èmi gan-an ti di nǹkan tí wọ́n ń fọ̀. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, dókítà ní ìtọ̀ mi ti ń padà sí bó ṣe yẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wò ó tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ni kíndìnrín wọn máa ń dìde báyìí, kí n má fi ṣeré.

Kó tó jẹ́ kí n lọ sílé, ó rán mi létí àwọn kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí wọ́n wà."

Mo lọ sí Àgọ́-Ìwòyè ní àkọ́kọ́, mo ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo tà á fún, ọ̀pọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, wọ́n ti fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ fún ẹni tó gba yàrá lẹ́yìn wọn. Mo rí mẹ́rin gbà. N kò mọ ibi tí ìyókù wà. Bí ẹ bá ní kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ funfun tí ìṣó ti jó àmì sí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mu omi, ẹ má fi rọ epo, ẹ má fi fún aládùúgbò. Ẹ fi ọ̀bẹ lu ú kó má ṣeé lò mọ́.

Mo lọ sí Ìwòpin. Mo sọ fún Ìyá Ìwòpin pé dókítà ní kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn kò dára fún omi. Ó ń to ẹja sórí àgbá, kò wojú mi.

"Dókítà ló sọ ọ́, àbí ọmọ yẹn?"

"Dókítà ni, mà."

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ó kó méjèèje jáde, èmi fọwọ́ ara mi lu wọ́n ní ihò lẹ́yìnkùlé, nítorí mo mọ̀ pé bí ihò kò bá sí lára wọn, ẹnì kan máa tún fọ̀ wọ́n. Mo mú Ìyá Ìwòpin náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní, "Mo wí fún ẹ, àbí n ò wí? Èèyàn ni, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì." Mo bi dókítà. Ó ní ara kò jọra, Ìyá Ìwòpin, nínú ilé tútù ló ń mu tirẹ̀, èmi nínú oòrùn, pẹ̀lú oògùn lára mi. Ó ní kí n má fi ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ṣe ẹ̀rí.

Bí ara mi ṣe wà báyìí nìyí. Mo wà láàyè. Kíndìnrín mi kò padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n n kò wà lórí ẹ̀rọ mọ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo ṣì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo ṣì ń sún ìdí. N kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀. N kò mu àgbo mọ́, bí Bàbá Kékeré bá tilẹ̀ po ó pẹ̀lú omijé. N kò lè gbé táǹkì mọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgọ́-Ìwòyè tí mo ti ń gba iná sí fóònù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín fún, ẹ lọ gba ìtọ́jú, ẹ sọ gbogbo òótọ́ fún dókítà yín, títí kan èyí tó ń tì yín lójú. Èyí tó ń tì mí lójú náà ló la ọ̀nà fún wọn.

Tọ́pẹ́ kò fín oògùn mọ́. Kò sẹ́ni tó pè é. Ọ̀rọ̀ ti dé Japara, ó ti dé Mámù, pé ó fi nǹkan sí omi ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń ru pákó ní ibi tí wọ́n ti ń la igi ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ̀ pákó kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló bọ́ sílẹ̀.

"Wàsíù. Ara ńkọ́?"

"Ó ń le díẹ̀díẹ̀."

"A dúpẹ́." Ó nu òógùn. "Ṣé omi wà níbí?"

Mo bu omi fún un láti inú ìkòkò amọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó wo ìkòkò náà, ẹ̀rín díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ìkòkò! Alùfáà Wàsíù." Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó sì mu omi náà tán, láìwo inú rẹ̀. Ó gbé ife sórí tábìlì. Kò lọ. Ó dúró bí ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ ṣẹ́ kù. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé wá gba fóònù rẹ̀, mo yíjú sí i, mo ń wá fóònù tí mo mọ ibi tó wà. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ọkọ̀ pákó ti ń lọ.

Gbèsè tí mo jẹ Tọ́pẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Kì í ṣe inú ìwé yìí ni mo ti lè san án, nítorí Ìyá Ìwòpin kò mọ̀wé kà, Bàbá Kékeré kì í sì í ka nǹkan tó gùn tó báyìí. Ojú wọn ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́, kí Tọ́pẹ́ wà níbẹ̀, kó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí rẹ̀. Mo rántí. Mo rántí oko bàbá yẹn lọ́nà Mámù, mo rántí abọ́ ike tí epo ti wọ̀ lára, mo rántí pé ó rọra sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù bí kò bá sí ẹnì kankan. N kò tíì sọ ọ́ níbi tó yẹ.